Ẹ Jẹ́ Kí Ehoro Gbẹ́lẹ̀

Mo kan sáárá sí ehoro tó bá ń gbẹ́lẹ̀. Sípéènì àti Pọtogí ni orírun ehoro tí à ń sìn nílé, inú ihò tí wọ́n sì gbẹ́ fúnra wọn ni wọ́n ń gbé níbẹ̀. Ẹ wo abo tó lóyún: á fi ọwọ́ ha ilẹ̀ wàràwàrà, á fẹsẹ̀ ta erùpẹ̀ sẹ́yìn, á wá tu irun àyà ara rẹ̀ tẹ́ ibùsùn ọmọ. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni! Ẹni tó ń nà án nítorí pé ó ha rọ́ọ̀gì nínú ilé kò mọ ohun tó ń wò. Ẹ kó koríko gbígbẹ àti bébà sínú páálí ńlá fún un, kó lè máa gbẹ́ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ àgbàlá ló wà, ẹ ri wáyà nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ yí i ká, kó má baà gbẹ́ ihò sá lọ.