Peckham Lọ́jọ́ Méjì: Òrùlé Dára, Ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Lọjà Wà

Tí ọ̀rẹ́ yín bá lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Peckham, ẹ ti mọ fọ́tò tó máa gbé sórí Instagram: àtẹ̀gùn aláwọ̀ píńkì, ife ọtí lórí òrùlé, àwọn ilé gogoro London tó ń tàn lókèèrè. Fọ́tò náà dára, mi ò bá a jà. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni pé Peckham fúnra rẹ̀ kò sí nínú fọ́tò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Peckham wà ní gúúsù London, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Southwark. Rye Lane ni òpópónà tó la ọjà rẹ̀ já. Àwọn ará wa pọ̀ níbẹ̀ débi pé “Little Lagos” ni àwọn kan ń pè é. Lọ́dún 2012, rélùwéè Overground so ó pọ̀ mọ́ apá ìlà-oòrùn London, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà pọ̀ sí. Ẹni tí owó ilé bá ti ń lé kúrò ní Shoreditch, kó ṣáà wọ rélùwéè ni, ó ti dé. Bí Peckham ṣe di “àdúgbò àwọn oníṣẹ́ ọnà” lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ nìyẹn.

Mo fi Sátidé àti Sọ́ńdè kan rìn ín. Ẹ má retí ibi tí kọfí ti dùn jù nínú ohun tí mo kọ yìí. Mo fẹ́ wo àdúgbò náà bí a ṣe ń wo ìwé tàbí fíìmù: kí ló ṣe dáadáa, kí ló kù díẹ̀ káàtó, ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ni wọn ò gbọ́?

Ilé ìkàwé

Ilé ìkàwé Peckham ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Will Alsop àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ya àwòrán ilé náà. Ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, ọdún yẹn náà ló sì gba ẹ̀bùn Stirling, èyí tí wọ́n kà sí ẹ̀bùn tó ga jù fún ilé kíkọ́ ní Britain. Ó dà bíi lẹ́tà L tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Apá òkè rẹ̀ yọ síta, àwọn òpó irin tín-ín-rín tó dagun ló gbé e dúró, bí ìgbà tí òpó ti mu ẹmu díẹ̀. Bàbà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bò ó lára, ohun pupa kan sì yọ lórí òrùlé bíi fìlà tí wọ́n gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ òde.

Kí ló jẹ́ kí n gba tirẹ̀? Ilé náà kò fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn tí wọ́n kọ́ ọ fún. Àdúgbò tálákà ni wọ́n mọ Peckham sí nígbà náà, òfin tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ sì ni pé ohun tálákà kò gbọdọ̀ rẹwà jù. Kó ṣáà má jò, ó ti tó. Alsop kọ̀yìn sí òfin yẹn. Tọmọdé tàgbà ló ń wọ ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí kò bá sì fẹ́ wọlé rárá lè sá òjò lábẹ́ apá tó yọ síta yẹn.

Ṣùgbọ́n a ò lè sọ ìtàn ilé yẹn ká má dárúkọ Damilola Taylor. Èkó ló ti wá lọ́dún 2000 yẹn kan náà, ọmọ ọdún 10. Ní November 27, ó kúrò ní kíláàsì kọ̀ǹpútà tó máa ń lọ lẹ́yìn iléèwé nínú ilé ìkàwé náà. Kámẹ́rà rí i bó ṣe ń fò fẹ̀rẹ̀ kọjá níta. Wọ́n ṣe é léṣe lójú ọ̀nà, kò sì délé. Èmi tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, mi ò lè kọjá níwájú ilé náà kí n má rántí rẹ̀: ọmọ Èkó tó fẹ́ mọ kọ̀ǹpútà. Mi ò ní kí ẹni tó ń mu ọtí rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí òrùlé máa sunkún o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tí irú orúkọ yẹn wà nínú ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ “ṣàwárí”. Àwọn kan ti bímọ síbẹ̀, wọ́n ti sin òkú níbẹ̀, kí kọfí tó dé.

Òrùlé

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gun òkè. Ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ kan wà lẹ́yìn Rye Lane. Ní 2007, Hannah Barry dá Bold Tendencies sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ère àti iṣẹ́ ọnà sí àwọn àjà òkè rẹ̀ nígbà ooru. Ní 2009, Frank's Cafe dé orí òrùlé. Ní 2017, wọ́n sọ àwọn àjà kan nísàlẹ̀ di Peckham Levels, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń háyà yàrá, tí oúnjẹ àti ọtí sì wà.

Ohun tí wọ́n ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n fún un. Simon Whybray fi ọ̀dà píńkì kan ṣoṣo kun àtẹ̀gùn ilé náà, ibi tí èèyàn ì bá sáré kọjá sì di ibi tí èèyàn ń dúró sí. Ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Multi-Story Orchestra bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2011. Ní 2016, BBC Proms fúnra rẹ̀ kó wá síbẹ̀ láti gbọ́ orin Steve Reich. Rélùwéè kì í dúró de olórin: bó bá ń kọjá, ariwo rẹ̀ á wọnú orin. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Iṣẹ́ ọnà tó gbà kí àdúgbò dá sí ọ̀rọ̀ òun ni.

Àléébù ibẹ̀ ni ibi tí ojú kọ sí. Ẹni tó bá jókòó sórí òrùlé yẹn, apá àríwá ló ń wò: Shard, àwọn ilé báńkì, London àwọn olówó. Ó wá sí Peckham kó lè rí ibòmíràn dáadáa. Rye Lane wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rí i. Òórùn ẹja gbígbẹ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nídìí iṣẹ́ tiwa, ojú ewé tí oníbàárà ń tẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń yìn, kò sẹ́ni tó ń rántí sáfà tó gbé e ró, àfi lọ́jọ́ tí sáfà bá kú. Àtẹ̀gùn píńkì yẹn, ojú ewé ni. Sáfà wà nísàlẹ̀, ó ń ta iṣu.

Ọjà

Ojú gànràn-gànràn lojú àlejò, kò fi ríran. Wọ́n máa ń ní Rye Lane rí wúruwùru. Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa rí ètò tó wà níbẹ̀. Ìgbín ń rìn lórí ara wọn nínú garawa. Ata rodo wà nínú abọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lórí àtẹ, èlùbọ́ àti gàrí tò jọ sára ògiri. Ṣọ́ọ̀bù kan á pín sí mẹ́ta: ẹni tó ń ta ẹran wà níwájú, ẹni tó ń tún fóònù ṣe wà láàárín, ẹni tó ń dirun wà lẹ́yìn. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ọ́tò. Owó ilé ni wọ́n pín lọ́nà mẹ́ta, kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ṣọ́ọ̀bù odindi lè ríbi bẹ̀rẹ̀. Bí àwa onísófútíwia bá ṣe irú ẹ̀, a máa fún un lórúkọ ńlá, a máa ṣe àpérò lé e lórí.

Èdè ibẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ̀ ẹ́ gbọ́ alápatà tí kì í ṣe Yorùbá rárá tó ń pe ṣàkì ní ṣàkì, tó ń pe pọ̀nmọ́ ní pọ̀nmọ́, tó sì ti mọ èyí tí Ìyá Ìjẹ̀bú kò ní gbà. Èdè wa kì í ṣe ọ̀ṣọ́ níbẹ̀, òwò ni wọ́n fi ń ṣe. Ní àwọn ibòmíràn ládùúgbò yẹn, mo rí àwòrán àǹkárá lára ògiri ilé ọtí tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó lè kí ìyá àgbà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yẹn ni gbogbo ohun tí mò ń sọ.

Ẹ tún yà sí Khan's Bargain, níbi tí wọ́n ti ń ta ìkòkò, ìgbálẹ̀, rọ́bà àti gbogbo nǹkan ilé. Inú ilé tó jẹ́ ti Holdron's láyé àtijọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù ńláńlá ìgbà náà. Inú ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ìkòkò yìí ni wọ́n ti ṣí àjà tó bo òrùlé onígíláàsì ilé náà, tí ẹwà rẹ̀ tún hàn síta. Ẹ wá sọ fún mi, ta ni olùtọ́jú iṣẹ́ ọnà níbẹ̀?

Ilẹ̀ tí wọ́n bò

South London Gallery ti wà ní Peckham Road láti 1891. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ ibẹ̀, ní 2018 sì ni wọ́n sọ ilé panápaná àtijọ́ tó wà ní òdìkejì títì di apá kan rẹ̀. Walter Crane ló ṣe àpẹẹrẹ ilẹ̀ onípákó kan sí gáàlẹ̀rì náà, ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìgbésí ayé àwọn ènìyàn ni orísun iṣẹ́ ọnà. Ilẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n tẹ́ lé e, ó sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó ṣí i. Mi ò bá gáàlẹ̀rì náà jà. Pákó tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nílò ààbò. Àmọ́ ká ní inú ìtàn àròsọ ni mo kọ èyí sí ni, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ní mo ti sọ àsọdùn.

Fíìmù kan, ìwé kan

Púpọ̀ nínú yín fíìmù *Rye Lane* lẹ fi mọ Peckham. Raine Allen-Miller ló darí rẹ̀, ó jáde ní 2023. Dom àti Yas, tí David Jonsson àti Vivian Oparah ṣe, pàdé níbi àfihàn fọ́tò, ìfẹ́ ti já àwọn méjèèjì kulẹ̀, wọ́n wá fẹsẹ̀ rìn gba Peckham àti Brixton lóòjọ́ kan. Lẹ́ńsì tó fẹ̀ gan-an ni wọ́n fi yà á, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ àwòrán pàápàá kún fún ènìyàn àti àwọ̀. Ọ̀dọ́ dúdú méjì ń rẹ́rìn-ín ní gúúsù London, kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tí wọ́n gún. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ìròyìn ti fi orúkọ Peckham ṣe, ìyẹn nìkan tó ìdí láti wò ó. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ọjà jẹ́ ibi tí àwọn olólùfẹ́ ń gbà kọjá ju ibi tí ẹnikẹ́ni ti ń rajà lọ. Ó rẹwà, ó ń dán, ṣùgbọ́n ìyá tó wà nídìí àtẹ kò ní ìtàn tirẹ̀.

Ìwé *Poor* ti Caleb Femi dí àlàfo yẹn. Kánò ni wọ́n bí Femi sí, North Peckham Estate ló dàgbà sí. Ewì àti fọ́tò tó fúnra rẹ̀ yà ló kó sínú ìwé náà, tó jáde ní 2020, tó sì gba ẹ̀bùn Forward fún ìwé ewì àkọ́kọ́ ní 2021. Wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ jù nínú ilé tó dàgbà sí. Kọnkéré, àtẹ̀gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́: gbogbo ohun tí katakata ti kó lọ ni ó tún kọ́ sínú ìwé, láìfi ìyà ṣe ọ̀ṣọ́, láìsì sọ pé ìyà kò sí. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọnà tí Peckham bí tí mo mọ̀, òun ni mo fi sípò kìíní.

Ọjọ́ Sọ́ńdè

Sátidé la fi ń wo Peckham, Sọ́ńdè la fi ń gbọ́ ọ. Ní 2013, ìwádìí University of Roehampton ka ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní Southwark, wọ́n sì rí 240. Púpọ̀ wọn ò sí nínú ilé tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Òkè ṣọ́ọ̀bù ni, inú ilé ìkẹ́rùsí ni. Ẹni tó jó mọ́jú ń wá ọ̀nà ilé, ìyá tó wé gèlè ń wá ọ̀nà ìsìn, wọ́n pàdé lójú títì, wọn ò kí ara wọn.

Wọ́n sì ti bá ara wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ rí, ará àdúgbò àti ayàwòrán. Bussey Building, ilé iṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti ń ṣe igi kíríkẹ́ẹ̀tì, ì bá ti di ìtàn. Ìjọba fẹ́ lo ilẹ̀ rẹ̀ fún ibùdó ọkọ̀ tram, àwọn ará àdúgbò àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì jà títí tí ilé náà fi dúró. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé àwọn ayàwòrán ni ọ̀tá ọjà, ẹ má gbà á gbọ́. Ayàwòrán náà ń san owó ilé, òun náà sì ń sá fún un. Ẹni tó ń jèrè lára àwọn méjèèjì ni onílé, kì í sí nínú fọ́tò kankan.

Ìdájọ́ mi rèé. Peckham jẹ́ iṣẹ́ ọnà tó yanjú, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tó ṣe é kò sí lára rẹ̀. Bí owó ilé bá lé àwọn tó wà nísàlẹ̀ lọ, àtẹ̀gùn píńkì á ṣì wà, òrùlé á ṣì wà, ilé gogoro á ṣì máa tàn lókèèrè. Kò ní sí ìdí kan mọ́ tí àtẹ̀gùn yẹn fi wà ní Peckham dípò ibòmíràn.

Bẹ́ ẹ bá lọ, ẹ gun òrùlé o, ẹ ya fọ́tò yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lo wákàtí méjì nísàlẹ̀. Ẹ ra nǹkan, ẹ má kàn ya ìgbín lásán. Bẹ́ ẹ bá dé ìdí àtẹ, ẹ ní “Ẹ kú ọjà o, Mà.” Wọ́n máa dá yín lóhùn.