Oríkì fún Ẹni tí Kò Dá Ara Rẹ̀ Mọ̀ Mọ́

Bí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Èrèlé bá ti ń súnmọ́, kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kì í ti í rí aṣọ pupa, òdòdó àti àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń tà fún àwọn olólùfẹ́. Èmi kò bá ọdún àyálò yìí jà. Ohun tí mo fẹ́ pe àkíyèsí òǹkàwé sí ni pé orí ìrántí ni irú ọdún bẹ́ẹ̀ dúró lé: kí ọkọ rántí ọjọ́, kí aya rántí ohun tí ọkọ fẹ́ràn, kí àwọn méjèèjì sì jọ rántí ibi tí wọ́n ti pàdé. Báwo wá ni tọkọtaya yóò ṣe ṣe ọdún ìfẹ́ nígbà tí àrùn ìgbàgbé bá ti gba ìrántí lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn? N kò tíì rí iṣẹ́ ọnà tí ó dáhùn ìbéèrè yìí tó La memoria infinita, fíìmù tí Maite Alberdi, ọmọ ilẹ̀ Chile, gbé jáde ní 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún olólùfẹ́ kọ́ ni kókó rẹ̀.

Fíìmù náà kì í ṣe ìtàn àròsọ. Akọ̀ròyìn ni Augusto Góngora. Paulina Urrutia, aya rẹ̀, jẹ́ òṣèré tí ó ti ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ àṣà ní orílẹ̀-èdè wọn. Ní 2014 ni a sọ fún Augusto pé àrùn Alzheimer ti mú un. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé, ṣùgbọ́n 2016, lẹ́yìn tí àrùn ti dé, ni wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. Kí òǹkàwé dúró díẹ̀ lórí èyí. A mọ aya tí ó dúró ti ọkọ nígbà tí àìsàn ká a mọ́lé. Ẹni tí ó ti mọ ohun tí ń bọ̀, tí ó sì tún lọ fọwọ́ sí ìwé, kò wọ́pọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, Paulina jí ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn, ó sì sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un, àti ẹni tí Augusto fúnra rẹ̀ jẹ́. Ọmọ Yorùbá tí ó bá wo èyí yóò rántí ìyàwó ilé tí ó kúnlẹ̀ kí ọkọ lówùúrọ̀, tí ó ń kì í láti orí orílẹ̀ baba rẹ̀ dé orí ìwà tirẹ̀. Oríkì ni Paulina ń kì. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwa tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn ronú lé. Nígbà tí a bá ń ki ènìyàn, a gbà pé ó ti mọ ohun tí a ń wí; ìwúrí ni a ń wá fún un, kì í ṣe ìmọ̀. Ẹni tí a ń kì níhìn-ín kò mọ̀ ọ́n. Ẹnu aya rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ ìròyìn ara rẹ̀, bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ ni. Ẹni tí kò mọ oṣù kò lè retí ọjọ́ kẹrìnlá; nítorí náà ni obìnrin yìí ṣe sọ òwúrọ̀ di ọjọ́ ọdún.

Augusto wà lára àwọn tí ó ṣe Teleanálisis, ìròyìn orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí wọ́n ń pín kiri ní bòńkẹ́lẹ́ lábẹ́ ìjọba ológun Pinochet. Ẹni tí ó tọ́jú ìrántí orílẹ̀-èdè ni ìrántí wá ń sá fún. Bí a bá fi èyí nìkan sílẹ̀, n óò ní ó ti dán jù. Ohun tí ó gbà á là ni ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan José Manuel Parada, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá pa ní 1985, tí ẹkún sì gba Augusto. Orúkọ ìyàwó lè bọ́ lọ. Ikú yìí kò bọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò bèèrè bóyá ó tọ́ kí a tú aṣọ lára àgbàlagbà báyìí. Lọ́dọ̀ wa, a óò ní bàbá ń ṣarán, a óò sì ti ìlẹ̀kùn. Bí ó bá jẹ́ ìyá arúgbó ni, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi pè é ní àjẹ́. Ìwádìí tí àwọn oníṣègùn Ìbàdàn àti Indianapolis jọ ṣe, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2001, fi hàn pé àwọn arúgbó Yorùbá Ìbàdàn tí àrùn yìí ń mú lọ́dọọdún kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Kí ìyẹn má tàn wá jẹ: ó kéré ni, kì í ṣe pé kò sí. Alberdi ṣàlàyé pé Augusto fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbà, nítorí pé òun náà ti ya àwòrán ìyà ẹlòmíràn púpọ̀. Mo gba àlàyé náà, títí dé ibi kan. Ní òru tí ó ń sunkún lórí àwọn ìwé rẹ̀, ẹni tí ó gbà kò sí níbẹ̀ mọ́. Èmi ìbá gé ibẹ̀ kúrú. Fíìmù náà kò sì sọ ohun púpọ̀ nípa owó, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá ti tọ́jú irú aláìsàn yìí rí mọ ohun tí owó ń ṣe níbẹ̀.

Augusto kú ní oṣù karùn-ún 2023. Apá kan tí mo tún padà wò ni ibi tí Paulina ti mú un lọ sí ibi tí àwọn òṣèré ti ń ṣe ìdánrawò. Obìnrin náà ń ṣeré, ọkọ rẹ̀ ń wò ó. Bóyá ó mọ̀ pé aya òun ni, bóyá kò mọ̀. Ó ṣáà ń wò ó.