Ipò Aláìlórúkọ nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀

Nínú ìwé D. O. Fágúnwà tó jáde ní 1938 yìí, ẹ̀dá-ìtàn kan wà tó ṣòro fún lámèyítọ́ láti pè lórúkọ. Òun ni Àkàrà-oògùn tọ̀ wá, tó ní kó mú gègé àti ìwé, kó kọ ìtàn òun sílẹ̀ kí ikú tó dé. "Asọ̀tàn" kò bá a mu délẹ̀. Ẹnu Àkàrà-oògùn ni ọ̀pọ̀ ìtàn náà ti jáde. "Òǹkọ̀wé" léwu, torí yóò sọ ọ́ di Fágúnwà fúnra rẹ̀. "Akọ̀wé" ńkọ́? Ọ́fíìsì àti owó oṣù ló ń mú wá sọ́kàn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gba ẹni yìí síṣẹ́. Síbẹ̀, bí kò bá kọ ọ́, ìtàn ìbá bá ọdẹ wọ sàréè.

"Agbìtànkọ" ló yẹ ẹ́ jù, ní àwòṣe agbẹjọ́rò. Agbẹjọ́rò kì í kàn tún ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀ sọ. Ó ń tò ó, ó sì ń fi tirẹ̀ kún un. Nítorí náà, níbi tí ìwàásù bá ti já lu ìtàn nínú ìwé náà, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bèèrè bóyá ọdẹ ló ń sọ̀rọ̀ ni, tàbí agbìtànkọ.