Ẹ̀fẹ̀ Ará Ilẹ̀ Lórí Ará Omi: Ganvié Lẹ́nu Àwa Ará Kútọnu

Ní èbúté àwọn apẹja, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Èbúté ńlá Kútọnu, ilẹ̀ kì í mọ́ kí a má gbọ́ ẹ̀rín. Àwọn awakọ̀ àjàgbé tí ń retí ẹrù, àwọn oní-zémidjan tí wọ́n wọ ẹ̀wù yẹ́lò, àwọn ìyá alákàrà tí iná wọn ti ń jó láti ìdájí, gbogbo wọn ni ó ní ìtàn kan lẹ́nu. Bí ẹ bá sì tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó gbọ́ pé ìtàn ìlú kan ni ó pọ̀ jù lọ nínú wọn: Ganvié, ìlú àwọn Tofinu, tí ilé rẹ̀ dúró lórí òpó láàárín ọ̀sà Nokoué. Oṣù mélòó kan ni àwa àti díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa fi kó àwọn ẹ̀fẹ̀ wọ̀nyí jọ, nítorí pé wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣeré ní alẹ́ àlọ́. Kí wọ́n tó gbé wọn gun orí ìtàgé, ó yẹ kí a yẹ̀ wọ́n wò bí a ti í yẹ ewì tàbí eré oníṣe wò.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti ewúrẹ́. Wọ́n ní wọn kì í so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ní Ganvié: níbo ni yóò gbà lọ? Wọ́n ní olè kò jà níbẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ìwà rere. Bí olè bá wọlé, onílé yóò kàn rọra tú okùn ọkọ̀ rẹ̀, yóò padà lọ sùn, yóò sì bá olè náà lórí ìdúró lówùúrọ̀. Wọ́n ní ọkùnrin Ganvié kan gun zémidjan nígbà àkọ́kọ́, ó di àjẹ̀ rẹ̀ mú ṣinṣin, ó sì ń wá ibi tí yóò tì í bọ̀ láti ran ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ a máa gbin igi gbígbẹ sínú omi, wọn a sì jókòó tì í títí yóò fi hù.

Kí a má purọ́, ti olè yẹn pa wá lẹ́rìn-ín. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó dá a mọ ibi tí ó ń sọ: láti inú omi ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wá, a kò sì lè sọ ọ́ nípa ìlú tí ó wà lórí ilẹ̀. Ti ewúrẹ́ náà sún mọ́ òtítọ́, nítorí pé orí òkìtì ilẹ̀ tí a fi ọwọ́ kó jọ ni ẹran ọ̀sìn díẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ti ń jẹko. Ṣùgbọ́n ti àjẹ̀ orí zémidjan kò níye lórí. Ẹ yọ àjẹ̀ kúrò, ẹ fi ọkọ́ sí i, ó di ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ará ìlú ńlá ń fi àgbẹ̀ ṣe níbi gbogbo láyé. Agbádà àyálò ni, gbogbo ènìyàn ni ó gbà.

Ti igi gbígbẹ burú jù, nítorí pé orí ẹni tí ń sọ ọ́ ni ó ń wó lé. Àkàjà ni igi náà. Wọ́n ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà tí kò jìn. Ewédò a máa hù lára rẹ̀, kòkòrò wẹ́wẹ́ a sì máa gbé ibẹ̀. Ẹja a wá jẹun, a fi ibẹ̀ ṣe ilé. Nígbà tí àkókò bá tó, wọn a fi àwọ̀n yí i ká, wọn a sì kó ẹja. Georges Edouard Bourgoignie ya odindi ìwé sọ́tọ̀ fún ìgbé ayé àwọn ará omi wọ̀nyí ní 1972, Les hommes de l'eau, ẹni tí ó bá sì kà á kò ní fi àkàjà rẹ́rìn-ín mọ́. Igi gbígbẹ náà hù ní tòótọ́. Ẹja ni èso rẹ̀.

Ọ̀kan wà tí a fẹ́ dúró lé lórí. Wọ́n ní obìnrin Ganvié kò lè kọ ọkọ, nítorí pé kí ó tó kọ ọkọ, ó ní láti kọ́kọ́ yá ọkọ̀ lọ́wọ́ ọkọ. Ẹ kà á sókè kí ẹ gbọ́ bí ohùn ti ń ṣeré níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kó o wá kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Tofinu. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Èdè Fọ̀n, tí èdè Tofin bá tan, ń pe ọkọ ní asú, ó sì ń pe ọkọ̀ ojú omi ní tọjihun. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn rí. Àwa tí a ń sọ Yorùbá ni a dá ẹ̀fẹ̀ yìí sílẹ̀, ní Dantokpa tàbí ní ẹ̀yìn ọgbà èbúté, tí a sì fi orúkọ ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣí ojú ìwé Faransé wò, ẹ kò ní bá a níbẹ̀: mari àti pirogue kò ní ohun tí wọ́n jọ fi ṣeré. Yàtọ̀ sí èyí, irọ́ ni. Ẹni tí ó bá ti rí ọjà orí omi Ganvié rí mọ̀ pé àwọn obìnrin ni ó kún inú ọkọ̀ wọ̀nyẹn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ń wà á. Bí ẹnì kan yóò bá yá ọkọ̀ nínú ilé náà, ọkọ ni yóò jẹ́. Síbẹ̀ a kò ní kí a jù ú nù, ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ẹni tí yóò sọ ọ́ lórí ìtàgé jẹ́wọ́ pé tiwa ni.

Àwọn baba wa ti fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní Kétu, àti ní àwọn ìlú Yorùbá-Nàgó mìíràn tí ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ni a fi ń bú olè, olófòófó, ìjòyè alọ́nilọ́wọ́gbà àti onírúurú aláṣejù. Ní 2001 ni UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn iṣẹ́ ọnà àtẹnudẹ́nu tí ó ṣọ̀wọ́n láyé. Ohun tí kò sí nínú ìwé ẹ̀rí náà ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá máa ń wà láàárín àwùjọ. Ó jókòó ti ìyàwó àti àna rẹ̀, ó gbọ́ orin tí a fi í kọ, ó rẹ́rìn-ín tàbí ó fajú ro, ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn sì tún pàdé lọ́jà. Ẹ̀fẹ̀ èbúté kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a fi ń ṣe é wà lórí ọ̀sà, ó ń da àwọ̀n, a sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ìdálẹ̀ ni ó wà. Kò jìnnà. Láti Abomey-Calavi, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kì í lo wákàtí kan kí ó tó débẹ̀. Ọ̀nà omi tí àwọn Faransé là já òkun ní Kútọnu ní 1885 sì ń gbé omi iyọ̀ wọ inú ọ̀sà wọn ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

A tún gbàgbé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Ganvié, bí àwọn tí ó ni ín ti túmọ̀ rẹ̀, ni àwùjọ àwọn tí ó ti là. Kútọnu ńkọ́? Ẹnu ọ̀sà ikú. Àwa tí a ń gbé ní ẹnu ikú ni a dúró tí a ń fi ẹni tí ó ti là ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí dùn ju gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí a kó jọ lọ, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ dá a.

Ohun tí wọ́n là lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn akónilẹ́rú. Elisée Soumonni, onímọ̀ ìtàn ọmọ Benin, ti kọ̀wé lórí àwọn ìlú orí omi wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ibi ìsádi lọ́wọ́ òwò ẹrú. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé èèwọ̀ ni fún ọmọ ogun Dànhòmẹ̀ láti jà lórí omi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, ọmọ ogun tí kò mọ ọkọ̀ wà kò nílò èèwọ̀ kí ó tó dúró ní etí omi. Ogun Dànhòmẹ̀ yìí kan náà ni ó kọlu Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864, òun ni ó sì fọ́ Kétu ní 1886. Àwọn Ẹ̀gbá ti sá sábẹ́ Olúmọ nítorí ogun mìíràn kí Dànhòmẹ̀ tó wá bá wọn níbẹ̀. Àwọn Tofinu sá sórí omi. A kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní èbúté sọ pé ará Abẹ́òkúta kò lè nàró dáadáa nítorí pé abẹ́ àpáta ni baba ńlá rẹ̀ gbé.

Àwọn amọ̀nà tí ń kó àlejò lọ sí Ganvié ní ẹ̀dà tiwọn. Wọ́n ní ọba Agbogdobé di ẹyẹ, ó fò káàkiri títí ó fi rí àárín ọ̀sà; ó tún di ọ̀nì, ó sì bẹ àwọn ọ̀nì kí wọ́n bá òun kó àwọn ènìyàn òun kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sọ pé “Venise ti Áfíríkà” ni ibẹ̀, ọkọ̀ yóò sì yà sí ọ̀nà omi tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà àwọn olólùfẹ́. Ìṣẹ́jú méjì, ìtàn ti parí. A ka èyí sí òfò ńlá, nítorí pé ibi tí ẹ̀rín wà gan-an ni wọ́n fò dá. Ọ̀nì, tí gbogbo ẹni tí ń wẹ̀ lódò ń bẹ̀rù, ni ó di alábàárù! Apàlọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúró níbẹ̀. Yóò gbé ìyá arúgbó kan gun ẹ̀yìn ọ̀nì pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀, tí yóò máa bá ọ̀nì jà pé kó rọra. Ní ti Venise, àwọn tí ogun lé wọ inú ọ̀sà ni ìtàn sọ pé ó tẹ̀ ẹ́ dó pẹ̀lú; ẹnikẹ́ni kò béèrè ewúrẹ́ wọn.

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ kan sọ ti ewúrẹ́, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ọdún méjì ni ó ti ń bá wa pé jọ. Bí a bá bi í ní ìlú rẹ̀, Calavi ni ó máa ń sọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni a tó mọ̀ pé orí omi ni a bí i sí, a sì mọ ìdí tí kò fi sọ ọ́ fún wa. Ó dìde, ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi.”

Ó ní nígbà tí ogun lé àwọn baba òun dé orí ọ̀sà, ọ̀gágun Dànhòmẹ̀ dúró ní etí omi, ó kígbe pé, “Ẹ jáde wá, ọ̀rọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ.” Wọ́n dáhùn pé, “A ń gbọ́ yín láti ibí.” Ọ̀gágun ní ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Wọ́n ní kí ó wá sọ ọ́ sí àwọn létí nígbà náà. Ọ̀gágun ti ẹsẹ̀ kan bọ omi, ó yọ ọ́. Ó ti èkejì bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́. Ó wá béèrè pé èló ni wọn yóò fi ọkọ̀ gbé ènìyàn kan. Wọ́n dá iye kan, ó ní ó ti wọ́n jù. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ná an. “Ẹ lọ sí etí omi ní Calavi lọ́la,” ó ní, “ẹ ó rí àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ti gbé kámẹ́rà kọ́rùn.”

Kò sí iṣẹ́ ìyanu nínú ìtàn yìí, kò sì sí èébú. Ẹsẹ̀ tí a tì bọ omi tí a tún yọ ni ó gbé gbogbo ogun náà, ó sì mú wa dé ọjọ́ òní láìsọ pé òun ń bọ̀. Bí a bá máa rí àbùkù kan, ó yára jù níbi ọ̀rọ̀ àṣírí. Ó yẹ kí ọ̀gágun bẹ̀ wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ojú wa ni ó ti sọ ọ́, ní èdè wa, bí ọlọ́fẹ̀ẹ̀ ti ń ṣe. Ó tún fi ọ̀kan lé e: ní 2010, nígbà tí omi wọ àdúgbò púpọ̀ ní Kútọnu, ará Ganvié kan wa ọkọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti tú ewúrẹ́ yín sílẹ̀?”

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí wọ́n yọ ti àjẹ̀ àti ti igi gbígbẹ kúrò, kí wọ́n fi ti olè àti ti ewúrẹ́ sílẹ̀, kí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sì wà lórí ìtàgé nígbà tí a bá ń sọ wọ́n, kí ó lè fèsì. A bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí a tẹ ìtàn ọ̀gágun jáde ní èdè méjèèjì. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ wá kí òun nílé, iye tí wọ́n bá dá lé wa ní etí omi ni kí a san, kí a má ná an. Akápò ní òun yóò rò ó wò.