Ojú Ìrán Ni Kí Ẹ Wò: Lámèyítọ́ lórí Téra-téra Ilẹ̀ Niger

Aṣọ tí a fi ọ̀já tóóró-tóóró rán pọ̀, níbo gan-an ni ẹwà rẹ̀ wà? Lára ọ̀já ni, àbí ní ibi tí ọ̀já méjì ti pàdé? Ní ti téra-téra, kúbùsù àwọn Songhay àti Zarma ní ìwọ̀ oòrùn Niger, ojú ìrán ni mo fara mọ́. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ahunṣọ ti ń hàn, ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ kò ti ríbi sá sí.

Ìlú Téra ni aṣọ yìí ti gba orúkọ. Ara ẹrù tí ìyàwó ń gbé lọ sílé ọkọ ni, kì í ṣe aṣọ òtútù lásán. Pupa, dúdú àti funfun ló wọ́pọ̀ jù lára rẹ̀, tí wọ́n tò ní igun mẹ́rin-mẹ́rin.

Ẹni tó ti ń wo aṣọ òkè Ìsẹ́yìn láti kékeré lè rò pé kò sí tuntun níbẹ̀. Lóòótọ́, ọmọ ìyá ni òfì méjèèjì: ọkùnrin ló sábà ń jókòó sí i, òwú òòró nà jìnnà síwájú rẹ̀, òkúta wúwo ló fà á le, ẹsẹ̀ ló fi ń ya òwú sókè sódò, ọwọ́ ló fi ń ta ọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n lára ẹtù tàbí sányán, ìlà tó ń ṣe ẹwà gba òòró lọ ni. Ibi yòówù kí a ti gé ọ̀já náà, bí a bá rán an mọ́ èkejì, ìlà á ṣì máa bá ìlà rìn. Téra-téra kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí òwú ìbú ló gbé ọnà tirẹ̀. Ibi tí pupa bá parí sí lára ọ̀já kìíní, ibẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ parí sí lára ìkejì, ìkẹta, títí dé ìkẹyìn. Bó bá fi ìbú ìka kan yẹ̀, ọnà ti wọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ahunṣọ kò rí odidi aṣọ lójú nígbà tó ń hun ún. Ọ̀já kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀, orí ló fi gbé ìyókù.

Ọ̀rọ̀ wá le sí i nígbà tí iṣẹ́ bá dúró láàárín. Bí òjò bá ti rọ̀ ní Sahel, oko jéró ló kàn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò òfì. Ẹni tó ń fi ìkọ́ hun fìlà lè tú ìlà mẹ́wàá, kó sì tún un hun, òwú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ti òfì kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀: òwú ìbú tí a ti gún mọ́ra ti há, bí a bá ń fà á yọ, òwú òòró á máa họ. Nítorí náà, ẹni tó padà sídìí òfì ní láti wá bí ọwọ́ rẹ̀ ti òní yóò ṣe bá ti àná dọ́gba. Á gbé ọ̀já àtijọ́ tì í, á fi wọn èyí tó ń hun, á ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ kọjá nínú igun kan. Bó bá gún un le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, igun á kúrú. Bó bá gún un lẹ́lẹ̀, igun á gùn.

Òwú tí a yàn ló ń pinnu bóyá àtúnbẹ̀rẹ̀ yìí á hàn. Òwú tí àwọn obìnrin fọwọ́ ran nílé kì í dọ́gba, ibìkan á ki, ibìkan á tín-ín-rín, nítorí náà ó máa ń bo ìyàtọ̀ ọwọ́ mọ́lẹ̀. Òwú ilé iṣẹ́ dọ́gba, ó yá lọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní bo nǹkan kan fún ọ̀lẹ. Pupa sì tún lẹ́jọ́ tirẹ̀: pupa inú ìkòkò aró kan kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ ti òmíràn, ẹni tí kò bá ra èyí tó máa tó o tán lẹ́ẹ̀kan, ọ̀já rẹ̀ ìkẹyìn ni yóò tú u fó. (Àwa náà mọ ohun tí pupa ń náni. Òwú sílíkì tí wọ́n fi ń hun àlàárì láyé àtijọ́, aṣálẹ̀ Sàhárà ló là kọjá láti Tripoli dé Kano kó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́.)

Ní Niamey, Musée National ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń rí oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1959 ni wọ́n ṣí i, Pablo Toucet ló kọ́kọ́ darí rẹ̀, Boubou Hama tó ṣe agbátẹrù rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọrí lọ́dún 2008. Kíkó tí wọ́n kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sínú ọgbà náà dára, ó sàn ju kí aṣọ kàn wà nínú gíláàsì lọ. Ṣùgbọ́n àlejò tó dúró díẹ̀ nídìí òfì, tó sì kọjá lọ síbi ẹranko inú ọgbà kan náà, ọ̀já ló rí, kò rí aṣọ. Ọ̀já kan tí a sì sọ di àpò fún irú àlejò bẹ́ẹ̀ kò ní ojú ìrán tí a ó fi dán ahunṣọ wò. Bí irú ìyẹn bá di ọjà gidi, ìṣirò tó ń mú ọ̀já pàdé ni yóò kọ́kọ́ run, ọwọ́ á sì ṣì máa yá lórí òfì.

Ẹ̀yin ará wa tó ń ṣòwò ní Niamey, bí ẹ bá fẹ́ ra téra-téra fún ọmọ tó ń lọ ilé ọkọ, ẹ má gba èyí tí wọ́n ti ká sínú ọ̀rá. Ẹ ní kí òǹtà tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ fi ìka tọ ìlà pupa láti etí kan dé èkejì, kí ẹ tó dá iye tí ẹ ó san.