Lẹ́tà Dúdú Orí Ìwé-Ẹ̀rí Wa

Bí o bá wo àwọn ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀, kò ní pẹ́ tí wàá fi rí lẹ́tà dúdú kan tó nípọn, tó ní igun ṣóńṣó lókè àti nísàlẹ̀. Old English ni wọ́n ń pè é lórí kọ̀ǹpútà. Blackletter ni orúkọ gbogbo ẹbí rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń sọ ìwé pẹlẹbẹ lásán di ohun tó dà bíi pé ọba ló fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ láti bá àwọn tó ń lò ó rò.

Gègé ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ni àwọn akọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù fi ń kọ ọ́ láyé àtijọ́. Nígbà tí Johannes Gutenberg tẹ Bíbélì rẹ̀ ní ìlú Mainz, ní nǹkan bí ọdún 1455, irú lẹ́tà yìí ló rọ, kí ìwé títẹ̀ lè jọ ìwé àfọwọ́kọ. Àwọn ará Jámánì ò fi í sílẹ̀ títí di ọdún 1941, tí ìjọba Hitler fòfin dè é pé lẹ́tà àwọn Júù ni. Irọ́ ni. Ó sì pani lẹ́rìn-ín pé lẹ́tà yìí kan náà ló wà lórí bébà tí wọ́n fi kọ òfin ọ̀hún. Lónìí, òun ni New York Times fi ń kọ orúkọ ara rẹ̀.

Ó dára fún àkọlé kúkúrú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi lẹ́tà ńlá nìkan to odindi orúkọ, ó di àlọ́: A á jọ U, S á jọ G.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àmì. Orúkọ mi ní ṣ kan àti ọ méjì. Nínú ìwé-ẹ̀rí kan tí mo gbà, lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tín-ín-rín láàárín àwọn tó kù, bí ẹni tó wọ agbádá òkè tó fi ṣòkòtò iléèwé sí i. Fọ́ǹtì náà kò ní wọn, ni kọ̀ǹpútà bá lọ yá wọn lọ́dọ̀ fọ́ǹtì mìíràn. Atẹ̀wé tó bá rí i pé kò wuyì á kàn yọ àmì kúrò. Bẹ́ẹ̀, Ola tí kò lámì lè jẹ́ ọlá, ó lè jẹ́ ọlà, ó sì lè jẹ́ ọ̀la.

Wọ́n á ní lẹ́tà òyìnbó ni, kò gba àmì. N ò gbà. Nínú ìkọ̀wé yìí, i, n, m àti u jẹ́ ọ̀pá kéékèèké tó tò síra wọn bí igi ọgbà, ojú kì í tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà ni àwọn akọ̀wé fi ń fa ìlà tín-ín-rín sórí i, ìlà yẹn ló sì di àmì tóótóó tí gbogbo wa ń fi sí i lórí títí dòní. Àwọn ará Jámánì náà ń fi àmì sórí a, o àti u tiwọn. Lẹ́tà ò lẹ́bi. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ni kò rántí wa.

Kí ẹni tó bá ń tẹ ìwé-ẹ̀rí fi Old English kọ àkọlé, kó wá fi fọ́ǹtì mìíràn tó ní àmì kọ orúkọ ọmọ. Bí ó bá sì jẹ́ Old English náà ló wù ú, kó fi bírò dúdú fi àmì sí i kó tó fi ránṣẹ́.