Ìyìn fún Àwọn Tí Ń Ṣírò Àgbàrá

Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ṣùgbọ́n kí onílé tó lè kọ̀ fún un, ó yẹ kí ẹnìkan ti mọ iye omi tí ń bọ̀. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ń díwọ̀n eji wọwọ, irú èyí tí à ń retí lẹ́ẹ̀kan péré láàárín 50 ọdún, nìyí, ìyìn wọn kò sì tó lójú tèmi. Ní 1851, Thomas Mulvany, ọmọ Ireland, la ọ̀nà kan sílẹ̀ láti ṣírò àgbàrá: kí a mọ bí òjò ti le tó, bí ilẹ̀ tí ó ń rọ̀ sí ti fẹ̀ tó, àti ìpín omi tí ilẹ̀ kì yóò fà mu. Ní Mafoluku l'Ékòó, tí ó múlé ti pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, níbi tí páànù àti kọnkéré ti gba ipò koríko, ìpín ìkẹyìn yìí ni ọ̀gá. Ẹ sì wò ó: òjò mìlímítà 100 lórí ilẹ̀ tí ó gùn ní kìlómítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan, 100,000 tọ́ọ̀nù omi ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí ìkún omi odò Ògùnpa n'Íbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, kò ní bá mi jiyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ba ìṣirò wọn jẹ́.